Ìbéèrè Òǹkàwé: Yíyọ Orin Inú Sídíì Sínú Kọ̀ǹpútà

Lẹ́tà tí ó dé ọwọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ àwọn sídíì tí ó wà nínú àpótí àti dúrọ́ọ̀ ní ilé yín pọ̀ ju èyí tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí pé níbi tí ayẹyẹ bá ti pọ̀, àwo orin á pọ̀ níbẹ̀. A ti gé ìkíni inú àwọn lẹ́tà náà kúrú kí àyè lè gba ìdáhùn.

Mo da fáìlì orin kọ sínú fíláàṣì, ṣùgbọ́n kò kọrin. Mo ní àwọn sídíì àpàlà àti jùjú tí mo ti rà láti bí ogún ọdún sẹ́yìn. Mo ki ọ̀kan bọ inú kọ̀ǹpútà, mo rí Track01.cda títí dé Track08.cda, mo sì da gbogbo wọn kọ sínú fíláàṣì kí n lè máa gbọ́ wọn nínú ọkọ̀ bí mo bá ń lọ sí Èkó. Rédíò ọkọ̀ ní òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kí ni kò tọ́ nínú ohun tí mo ṣe? — Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kò ba nǹkan kan jẹ́. Orin yín ṣì wà lórí àwo rẹ̀ bí ó ṣe wà. Ohun tí ẹ dà kọ ni kò ní orin nínú. Windows fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe fáìlì .cda, láti fi júwe ibi tí orin kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe gùn tó lórí àwo. Bí ẹ bá wo ìwọ̀n rẹ̀, ẹ ó rí i pé báìtì 44 péré ni, bẹ́ẹ̀ sì ni orin ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lórí sídíì tó nǹkan bí mẹ́gábáìtì 10. Nígbà tí ẹ mú .cda kúrò lọ́dọ̀ àwo rẹ̀, kò ní ibi tí ó ń júwe mọ́.

Ní ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ Philips àti Sony fi ẹnu kò lórí bí sídíì orin yóò ṣe rí, wọn kò sì rò ó pé ẹnikẹ́ni yóò ki í bọ kọ̀ǹpútà ilé. Nítorí náà kò sí fáìlì lórí sídíì orin. Nọ́ńbà ni ó wà níbẹ̀: wọ́n wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní ti ọwọ́ ọ̀tún àti ti ọwọ́ òsì, wọ́n sì tẹ gbogbo rẹ̀ sójú ọ̀nà tín-ín-rín kan tí ó ń yí po láti àárín àwo lọ sí etí rẹ̀. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ó ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì sọ wọ́n di fáìlì tí fóònù àti rédíò ọkọ̀ mọ̀. Yíyọ orin ni èyí, ó yàtọ̀ pátápátá sí dída fáìlì kọ.

Windows Media Player tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Ẹ ki àwo bọ̀ ọ́, ẹ ṣí ètò náà, ẹ yan irú fáìlì tí ẹ fẹ́, ẹ wá tẹ ibi tí wọ́n kọ «Rip CD» sí. Orí Mac, áàpù Music ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, ètò tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó ń lo Windows ni Exact Audio Copy, tí Andre Wiethoff, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, kọ. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí ó ń lò ó nílé. Ìṣètò rẹ̀ ní àkọ́kọ́ lè gba ìdajì wákàtí, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé sídíì orin kò ní ààbò tó sídíì tí a kó ìwé tàbí ètò kọ̀ǹpútà sí. Bí kọ̀ǹpútà bá ń ka lẹ́tà ìfowópamọ́ yín lórí àwo, tí ó sì ṣi nọ́ńbà kan kà, ìpele àtúnṣe méjì ni ó wà níbẹ̀ láti mú àṣìṣe náà. Bí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe, yóò dákẹ́ iṣẹ́, yóò sì sọ fún yín. Lórí sídíì orin, ìpele kan ni ó wà. Bí ìyẹn bá kùnà, ẹ̀rọ yóò méfò: yóò wo ohun tí ó ṣáájú àti ohun tí ó tẹ̀lé, yóò sì fi nǹkan tí ó jọ ọ́ dí àlàfo náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá kàn ń gbọ́ orin lásán, ìyẹn kò burú, etí lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi pa mọ́, ìméfò náà di ara orin títí láé. Exact Audio Copy máa ń ka ibì kọ̀ọ̀kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a sì fi ìkàwé kan wé èkejì. Bí wọn kò bá bára mu, yóò padà síbẹ̀ títí wọn yóò fi bára mu tàbí títí agbára rẹ̀ yóò fi pin, yóò sì fi ibi tí ó ti ṣòro hàn yín nínú ìròyìn tí ó máa ń kọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ó tún lè fi èsì yín wé ti àwọn mìíràn tí wọ́n ní irú àwo kan náà ní àgbáyé, nípa ohun tí wọ́n ń pè ní AccurateRip. Bí ó bá ní òun kò rí àwo yín níbẹ̀, kí ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ àwo wa nílé níbí ni ẹnikẹ́ni kò tíì yọ síbẹ̀ rí.

Sídíì ayẹyẹ ẹgbẹ́ wa ti ń fò. Nígbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa ṣe ayẹyẹ kan, olórin tí ó ṣeré fún wa ki gbogbo wa ní oríkì, títí kan àwọn ọkọ àti àwọn òbí wa tí wọn kò sí láyé mọ́. Ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀ fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sórí sídíì, wọ́n sì pín in fún wa. Tèmi ti ń fò, ibì kan wà tí ó ti dákẹ́ pátápátá. Ọmọ mi ní kí n fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? — Ìyá oníṣòwò kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi nǹkan kan pa á. Lẹ́tà yín ni ó ká mi lára jù nínú gbogbo èyí tí ó wọlé. Orin tí olórin ńlá gbé jáde, bí tiyín bá bàjẹ́, ẹlòmíràn ní. Oríkì tí a kì lọ́jọ́ ayẹyẹ yín kò sí níbòmíràn ju inú ilé ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Mo bẹ gbogbo òǹkàwé: àwo tí a fi kọ̀ǹpútà kọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ fi èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ jáde sí ìkẹyìn.

Ìdí ni pé ọ̀nà tí a gbà ṣe méjèèjì yàtọ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ tẹ̀, ihò kéékèèké ni wọ́n tẹ̀ sára ike rẹ̀, kò sì lè pa rẹ́ bí kò ṣe pé àwo fọ́ tàbí àwọ̀ tí ó ń dán lára rẹ̀ bó. Èyí tí kọ̀ǹpútà kọ, aró ni iná léésà fi àmì sí, aró náà a sì máa ṣá bí oòrùn àti ooru bá ń bá a. Àwo tí ó bá ti gbé iwájú ọkọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn lè kú láìní àpá kankan lára.

Ẹ kọ́kọ́ gbé àwo náà sókè sí iná gílóòbù, kí ẹ sì wò ó láti ìhà tí ó ń dán. Bí ẹ bá rí ojú ihò tóóró tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ohun tí ó wà níbẹ̀ ti lọ, àtúnṣe kò sí fún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìhà tí ó ń dán ni ó gbẹgẹ́ jù, wọ́n á sì máa fi ìhà àkọlé lélẹ̀ tàbí kí wọ́n fi bíírò kọ̀wé sí i. Òdìkejì ni òtítọ́ rẹ̀. Ike tí ó wà ní ìhà tí ó ń dán nípọn tó mìlímítà kan ó lé díẹ̀, àpá lórí rẹ̀ kì í sì í sábà dé ibi tí orin wà. Ṣùgbọ́n orin náà wà lábẹ́ àkọlé gan-an, tí ó jẹ́ pé ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó bò ó. Ẹ má ṣe ya bébà tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, nítorí ó lè ṣí àwọ̀ àwo mọ́ra.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ rírọ̀ nù ún láti àárín lọ tààrà sí etí. Ẹ má ṣe nù ún yípo. Bí aṣọ bá ha á láti àárín lọ sí etí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò ba nínú ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àtúnṣe tí ó wà lórí àwo á sì lè bò ó. Bí ó bá ha á yípo, yóò tẹ̀lé ojú ọ̀nà orin gan-an, yóò sì gbé odidi ìlà lọ. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù kàn án rárá. Kí ó gbẹ dáadáa kí ẹ tó ki í bọ ẹ̀rọ.

Tí ẹ bá ti ṣe èyí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín yọ ọ́ pẹ̀lú Exact Audio Copy, kí ó sì dín eré ẹ̀rọ kù. Bí kọ̀ǹpútà tiyín kò bá lè kà á, ẹ wá kọ̀ǹpútà mìíràn, pàápàá èyí tí ó ti pẹ́: ojú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò rí bákan náà, mo sì ti rí àwo tí ọ̀kan kọ̀ tí òmíràn kà tán láìsí wàhálà. Ọṣẹ ìfọyín máa ń ha ike ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, nípa bẹ́ẹ̀ ó lè tẹ́ etí àpá kan, ṣùgbọ́n ó tún lè dá àpá mìíràn sílẹ̀; nígbà tí gbogbo ọ̀nà tó kù bá ti kùnà nìkan ni kí ẹ gbìyànjú rẹ̀, lórí àpá yẹn nìkan, ní ìhà tí ó ń dán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lọ́la gan-an ni pé kí ẹ pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín. Àwo kan náà ni wọ́n pín fún gbogbo yín, kò sì dájú pé ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí ẹ bá kó mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ, ẹ lè yọ orin kìn-ín-ní lára ti ẹnì kan, kí ẹ yọ ìkẹta lára ti ẹlòmíràn, títí ẹ ó fi ní odidi. Ẹ má ṣe dúró di Ojúde Ọba tí ń bọ̀ kí ẹ tó béèrè.

MP3 ni àbí FLAC? Fóònù mi kò ní àyè púpọ̀. Bàbá mi ní kí n yọ gbogbo sídíì òun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní MP3 ti tó, àwọn kan ní FLAC ni ó dára. — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àgọ́-Ìwòyè

Ẹ lo FLAC fún ìpamọ́ nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ti ara rẹ̀ ṣe MP3 fún fóònù. Sídíì tí orin rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan yóò gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 635 bí a bá fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà, èyí tí wọ́n ń pè ní WAV. FLAC a máa dì í mọ́ra títí yóò fi kù bí ìdajì tàbí kí ó lé díẹ̀, kò sì ní yọ nǹkan kan kúrò: bí ẹ bá tú u, nọ́ńbà tí ó wà lórí àwo náà ni ẹ ó bá. MP3, tí àwọn onímọ̀ ní Fraunhofer ní Jámánì kópa ńlá nínú ṣíṣe rẹ̀, a máa yọ ohun tí ó gbà pé etí kò ní gbọ́. Ní 320 (ìyẹn kílóbíìtì 320 fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ohun tí a yọ ṣe pọ̀ tó), wákàtí kan náà á di mẹ́gábáìtì 144. Ní 192, á di nǹkan bí 86. Ní 128, kò ní tó 60. Ohun tí ó bá yọ kò tún ní padà mọ́, bí ẹ bá tilẹ̀ sọ MP3 náà di FLAC lẹ́yìn náà.

Ẹ fi etí ara yín dán an wò pẹ̀lú àpàlà tàbí wákà. Ní 128, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi àbùkù hàn: dípò kí ẹ gbọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ń lu akèrègbè, ẹ ó gbọ́ nǹkan bí omi tí ó ń ṣàn. Ní 192, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní mọ ìyàtọ̀ nínú ọkọ̀ tàbí lórí fóònù. Ìyẹn ni mo máa ń dá lábàá fún ẹni tí àyè rẹ̀ kéré. Ohun kan ṣì wà tí ó kan orin tiwa ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Àwọn olórin wa kì í dákẹ́ láàárín orin kan àti èkejì, ìlù a máa lọ bí ó ṣe ń lọ. MP3 máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ kékeré sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fáìlì, nítorí náà lórí àwọn rédíò kan ìlù yóò já díẹ̀ níbi tí orin ti pààrọ̀. FLAC kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ètò náà ní kò sí orin lórí àwo. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní ibi tí a ń ki sídíì sí, mo wá ra ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ ọn lára. Àwo méjì tí mo rà lọ́jà, ọ̀kan ní orin tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ọ̀kan ní àwòrán, kò yọ ìkankan. — Òǹkàwé kan, Ṣágámù

Ẹ̀rọ yín kò ní àléébù. Àwo tí orin rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún kì í ṣe sídíì orin gidi. MP3 ni wọ́n kó síbẹ̀ bí ẹni kó fáìlì, nítorí sídíì orin kò lè gbà ju bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Eléyìí ni ẹ lè dà kọ lásán bí fáìlì mìíràn. Èyí tí ó ní àwòrán jẹ́ VCD. Ẹ ṣí fóldà MPEGAV, ẹ ó rí fáìlì ńlá tí ìparí orúkọ rẹ̀ jẹ́ .dat, ẹ dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá lo ètò VLC láti yọ ohùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ so ẹ̀rọ náà mọ́ láptọ́ọ̀pù tààrà, kí bátìrì sì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ ó tún orin náà yọ.

Orúkọ orin kò yé kọ̀ǹpútà. Mo jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo orin tí mo yọ ni ó ń jẹ́ «Track 1» àti «Unknown Artist», ọ̀kan tilẹ̀ gba orúkọ olórin òyìnbó tí n kò mọ̀ rí. — Bàbá kan, Ìkẹ́nnẹ́

Bàbá wa, orúkọ kì í sábà sí lórí sídíì orin. Gígùn orin kọ̀ọ̀kan ni ètò náà ń kà, tí ó ń fi wá irú àwo bẹ́ẹ̀ nínú àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò ní rí orúkọ. Bí àwo orin méjì bá sì jọ gùn bákan náà, ó lè fún yín ní orúkọ olórin mìíràn. Ẹni bíi tiyín, tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ ní kíkọ àti kíkà, ni iṣẹ́ yìí yẹ gan-an.

Ètò Mp3tag lórí Windows, tàbí MusicBrainz Picard lórí kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, yóò jẹ́ kí ẹ kọ orúkọ olórin, orúkọ àwo, ọdún àti nọ́ńbà orin sínú fáìlì fúnra rẹ̀, kò ní jẹ́ ti òde nìkan. Ẹ yan ọ̀nà kan láti kọ orúkọ, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ wo Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó dá sítúdíò Phonodisk sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ ní 1979: bí ẹ bá kọ «Haruna Ishola» síbì kan, tí ẹ kọ «Alhaji Haruna Ishola» síbòmíràn, tí ẹ tún kọ «Àrúnà Ìṣọ̀lá» sí ẹ̀kẹta, olórin mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà yóò pè wọ́n, yóò sì tú iṣẹ́ rẹ̀ ká. Ẹ lè fi àmì ohùn sí orúkọ orin láìbẹ̀rù. Àwọn fóònù òde òní ń kà á dáadáa. Rédíò ọkọ̀ kan lè fi àmì ìbéèrè dípò ẹ àti ọ, ṣùgbọ́n orin náà yóò ṣì dún.

Bí àwo bá jẹ́ ti àtijọ́ tí wọ́n gbé láti orí rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ lè bá odidi ojú kan gẹ́gẹ́ bí orin kan, tí ó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni orin mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gé ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ fi sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ da òmíràn kọ, kí ẹ sì fi Audacity, ètò tí a fi ń gé ohùn, gé ìyẹn. Bí àkọlé àwo bá ní orúkọ àwọn onílù àti elégbè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú àyè tí ètò náà fi sílẹ̀ fún àlàyé, tàbí kí ẹ ya fọ́tò bébà náà, kí ẹ sì fi í sínú fóldà kan náà. Orúkọ onílù ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Ṣé olè ni mo ń jà? Ǹjẹ́ mo lè fi àwọn sídíì náà tọrẹ nígbà tí mo bá yọ wọ́n tán? — Òǹkàwé kan, Òde-Rẹ́mọ

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti Nàìjíríà tí ó jẹ́ ti ọdún 2022 gba lílò tí ó bójú mu fún ara ẹni láàyè. Yíyọ àwo tí ẹ fi owó yín rà, kí ẹ lè máa gbọ́ ọ nílé àti nínú ọkọ̀, kò jọ olè lójú mi. Kíkó o sórí fíláàṣì tà ní gáréèjì, tàbí gbígbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Owó olórin àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni ẹ ń gbà.

Ní ti àwo, ẹ má ṣe tọrẹ wọn. Bí ẹ bá fún ẹlòmíràn ní àwo, tí ẹ sì pa ẹ̀dà mọ́, ẹni méjì ni ó ń lo ohun tí a san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yàtọ̀ sí èyí, háàdì dísìkì lè bàjẹ́ lójijì, àwo náà sì ni ẹ ó padà sí. Ẹ ṣe ẹ̀dà orin náà sórí háàdì dísìkì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ yín, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ọmọ tàbí àbúrò tí kò gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú yín. Ẹ wá da àwọn sídíì padà sínú ike wọn, kí ẹ nà wọ́n ró bí ìwé, níbi tí oòrùn kì í dé.